Áàsù ẹ̀yìn tó ń kùn: bí Hiace oníkaṣú kan ṣe gba ọ́ìlì GL-4 dípò GL-5

Mo ń kọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí sílẹ̀ ní kíkún nítorí pé kì í ṣe àìbìkítà ló bà á jẹ́. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ra ọ́ìlì tuntun, ó san owó tó tọ́, nọ́ńbà ojú gálọ̀nù sì bá ohun tí wọ́n sọ fún un mu. Síbẹ̀ áàsù ẹ̀yìn, ibi tí gíà tó ń yí táyà ẹ̀yìn wà, bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ehín gíà inú rẹ̀ sì ti ń họ kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì. Irú rẹ̀ pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin, ó sì máa ń dùn mí, torí ìlà kan ṣoṣo lára gálọ̀nù ni ì bá gba ọkọ̀ náà là.

Toyota Hiace ni, irú ti àtijọ́, gíà ọwọ́, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í rìn. Ìyá oníkaṣú kan ló ni ín. Ó ń ra kaṣú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé àti àwọn oko inú Oríire, ó ń kó o wọ ìlú, bí oníbàárà bá sì wà ní Ìlọrin, ọkọ̀ yìí náà ló ń gbé e lọ. Wọ́n ti yọ àwọn àga ẹ̀yìn kúrò. Àpò ni wọ́n ń tò sí i kan òrùlé. Láti oṣù kejì tí kaṣú bá ti ń jáde, oòrùn mú, ẹrù wúwo, ọ̀nà oko sì jẹ́ kòtò àti eruku pupa. Iṣẹ́ tí áàsù irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe kì í ṣe kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọ́ìlì fún un, ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ ìrònú.

Ohun tí dẹ́rẹ́bà sọ fún mi nìyí: "Ọ̀gá, nǹkan kan ń ké lẹ́yìn ọkọ̀ wa. Bí mo bá ti lé ní 60, á bẹ̀rẹ̀: yùn-ún-ún. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ sókè, á dákẹ́. Àwọn kan ní kí n lọ da ọ́ìlì 140, èyí tó ki gan-an, sí i, pé á panu mọ́. Màmá ní kí n kọ́kọ́ gbé e wá bá yín ná."

Màmá ṣeun.

A jọ gbé e jáde sí ọ̀nà Ìlọrin láìsí ẹrù nínú rẹ̀, mo sì jókòó sẹ́yìn pátápátá níbi tí mo ti lè gbọ́ ọ dáadáa. Ariwo tó ń ti ẹ̀yìn ọkọ̀ wá kì í ṣe oríṣi kan. Ti táyà máa ń yí padà bí ojú ọ̀nà bá ti yí padà, láti orí ọ̀dà tó dán sí èyí tó ti ṣí. Ti bẹ́árìn ẹsẹ̀ táyà máa ń pọ̀ sí i bí ọkọ̀ bá ń ya sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bẹ́árìn píníọ̀nù, ìyẹn gíà kékeré tó ń yí kiráùn, gíà ńlá inú áàsù, máa ń rọ́ kùùkùù, ìbáà jẹ́ o tẹ̀ ẹ́, ìbáà jẹ́ o jù ú sílẹ̀. Ti ọkọ̀ yìí kò jọ ìkankan nínú wọn. Ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ti ọkọ̀ nìkan ló ń kùn, láàárín 60 sí 80, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì ń dákẹ́ lọ́gán tí dẹ́rẹ́bà bá gbé ẹsẹ̀ sókè. Ehín kiráùn àti píníọ̀nù ló ń dún bẹ́ẹ̀. Ojú kan ṣoṣo lára ehín náà, èyí tí agbára ẹ́ńjìnì ń gbà kọjá, ni nǹkan ń jẹ.

Ariwo yìí kò bẹ̀rẹ̀ lójijì. Ọ́ìsílì iwájú áàsù, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jáde níbi tí ṣáàfùtì, ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì wá sẹ́yìn, ti wọlé, ló kọ́kọ́ ń jò. Ìrìn-àjò ni ọkọ̀ wà nígbà tó wá jò gan-an, wọ́n sì pààrọ̀ ọ́ìsílì náà fún un lọ́hùn-ún, wọ́n rọ ọ́ìlì tuntun sí i. Láti ìgbà yẹn ló ti ń ké, díẹ̀díẹ̀, tí dẹ́rẹ́bà rò pé táyà ni.

Mo bi í léèrè ọ́ìlì tí wọ́n rọ sí i.

"Náíńtì ni, Ọ̀gá. Èmi fúnra mi ni mo lọ rà á. Gálọ̀nù rẹ̀ rèé, mi ò jù ú nù."

Ó nawọ́ sábẹ́ àga, ó fà á yọ. Ó ti sọ ọ́ di gálọ̀nù omi rédíétọ̀, eruku oko sì ti bò ó mọ́lẹ̀. Mo fi àkísà nù ún. Lójú rẹ̀ níwájú, ní lẹ́tà gàdàgbà: GEAR OIL, SAE 80W-90. Mo yí i padà. Lẹ́yìn, nísàlẹ̀, láàárín àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tí omi ti ń fọ̀ nù, mo rí i: API GL-4. Mo fi ìka sí i, mo ní kí dẹ́rẹ́bà wò ó, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ náà wá wò ó. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ti fojú sí ìlà yẹn rí.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbí, mi ò ní sáré kọjá.

SAE ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó. GL ń sọ irú ìnira tí wọ́n sè é fún. Ọ̀kan kò lè rọ́pò èkejì. Nínú 80W-90, 80W yẹn ọ̀rọ̀ òtútù ni: níbi tí òtútù bá ti dé ìwọ̀n 26 sísàlẹ̀ òdo ni wọ́n ti ń dán an wò, ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ tó le jù lọ kò sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. 90 ló kàn wá, nítorí pé ó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe máa ki tó nígbà tó bá gbóná dé 100 lórí ìwọ̀n Celsius: láti 13.5 sí 18.5 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé 90 gíà fi ìlọ́po méjì ki ju 40 ẹ́ńjìnì lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìwọ̀n tiwọn yàtọ̀ síra. 40 ẹ́ńjìnì, lórí òṣùwọ̀n kan náà, wà láàárín 12.5 sí 16.3, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sínú áàsù fi máa ń rí i pé ó ki dáadáa, tí yóò sì gbà pé kò séwu. Kíki kọ́ ló ń dáàbò bo ehín áàsù.

Wo bí wọ́n ṣe to áàsù ẹ̀yìn. Píníọ̀nù kò dojú kọ àárín gbùngbùn kiráùn. Wọ́n gbé e wá sísàlẹ̀ díẹ̀, kí ṣáàfùtì lè rẹlẹ̀, kí ilẹ̀ inú ọkọ̀ má baà ga. Hypoid ni orúkọ irú gíà bẹ́ẹ̀. Láti àwọn ọdún 1920 ló ti wọ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó lágbára, kì í pariwo, ehín tó pọ̀ ló ń kan ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe mú píníọ̀nù kúrò láàárín yẹn, ehín kò kàn ń yí lórí ehín mọ́. Ó ń fà lórí rẹ̀ gbọọrọ, bí ọmọ ọlọ ṣe ń fà lórí ìyá ọlọ. Tí àpò kaṣú bá wá kún inú ọkọ̀, tí òkè sì wà níwájú, fífà yẹn á fún ọ́ìlì jáde láàárín irin méjèèjì. Ọ́ìlì tí kò ní nǹkan mìíràn nínú ju kíki lọ kò lè dúró níbẹ̀.

Ohun tó ń dúró níbẹ̀ ni àwọn èròjà tí wọ́n pò mọ́ ọn, imí-ọjọ́ àti fọ́sífọ́ọ̀sì ló pọ̀ jù nínú wọn. Níbi tí irin méjì bá ti ń gbóná débi pé wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ra, àwọn èròjà yìí á bá ojú irin pò, á di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Awọ yẹn ni yóò máa họ dípò irin, tí òmíràn á máa hù rọ́pò rẹ̀. GL-5 ni wọ́n pò tó bẹ́ẹ̀, gíà hypoid gan-an ni wọ́n ṣe é fún. GL-4 náà ní irú èròjà kan náà, àmọ́ nǹkan bí ìdajì ti GL-5 ló máa ń ní. Fún gíà tó ń yí láìfà púpọ̀, ìyẹn tó. Fún áàsù Hiace tó ń kó kaṣú gun òkè lọ́sàn-án oṣù kẹta, kò tó.

Ohun tí ìwé Toyota ń béèrè fún irú áàsù yìí kò lọ́jú pọ̀: ọ́ìlì hypoid, API GL-5, SAE 90 níbi tí òtútù kò bá ti kọjá ìwọ̀n 18 sísàlẹ̀ òdo; 80W tàbí 80W-90 níbi tó bá tutù jù bẹ́ẹ̀. Fún wa níbí, 90 lásán dára, 80W-90 náà dára. GL-5 ni kò ṣeé dúnàá-dúrà.

Nígbà tí a padà dé ṣọ́ọ̀bù, áàsù ṣì gbóná, bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, torí ọ́ìlì gbígbóná máa ń kó ìdọ̀tí jáde. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ fi sípánà 24 tú nọ́ọ̀tì òkè, ti ìrọsí, kó tó fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀. Èmi kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí. Bí o bá kọ́kọ́ tú ti ìsàlẹ̀, tí ọ́ìlì ti dànù tán, tí nọ́ọ̀tì òkè wá há mọ́ ọ lọ́wọ́, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ dúró sí ọ lọ́rùn nìyẹn.

Òòfà wà lórí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, àtè eérú sì ti bò ó. Àtè rírọ̀ lára òòfà kò burú; kò sí áàsù tó ti rìn jìnnà tí kì í ní i. Mo bù ú sí àtàǹpàkò, mo fi ìka ìfábẹ̀lá pa á. Láàárín rírọ̀ yẹn ni ọwọ́ mi ti kan àwọn ẹ̀rún mélòó kan, tín-ín-rín, etí wọn mú, wọ́n sì ń kọ mànà nígbà tí mo gbé wọn sí oòrùn. Irin ojú ehín ni. Ọ́ìlì tó dà sínú bàsíà ti dúdú ju bó ṣe yẹ lọ fún èyí tí kò tíì pẹ́ nínú áàsù.

Ẹ̀rún yẹn ló jẹ́ kí n sọ pé a óò sọ áàsù kalẹ̀. Mo pe Màmá lórí fóònù.

"Màmá, ẹ kú ọjà. A ní láti tú inú áàsù yín wò. Mi ò fẹ́ kàn rọ ọ́ìlì sí i kí n ní ó ti tán."

"Ẹ tú u, Ọ̀gá. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni kí ẹ sọ fún mi o. Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n tètè mọ̀, kí n lè wá ọkọ̀ tí mo máa háyà kí kaṣú tó rẹ̀ sóko."

A yọ ọ̀pá áàsù méjèèjì, a tú ṣáàfùtì, a gbé odidi orí áàsù, ibi tí kiráùn àti píníọ̀nù wà, jáde sórí tábìlì. Kẹrosíìnì la fi fọ̀ ọ́ lórí tábìlì níbẹ̀, a sì jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Ẹni tó bá da kẹrosíìnì sínú áàsù tí kò tú láti fi ṣan án ń fi kẹrosíìnì sílẹ̀ nínú bẹ́árìn ni. Ojú ehín tí ẹ́ńjìnì ń tì ní ìlà họ́họ́ lára láti ìdí dé orí, èékánná sì ń há sí àwọn mìíràn. Ojú kejì ń dán, kò ní nǹkan kan. Kò sí ehín tó kán, kò sí ibi tó jẹ kòtò. Bẹ́árìn píníọ̀nù yí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò mì. Mo gbé géèjì sí kiráùn láti wọn àlàfo tó wà láàárín òun àti píníọ̀nù: 0.13 sí 0.18 mílímítà ni Toyota fẹ́, tiwa ti lé díẹ̀ ní 0.20.

Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń fún un pọ̀ kí àlàfo náà lè dín kù. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ehín tó ti jẹra wọn ti mọ ibi tí wọ́n ti ń bára wọn pàdé. Bí o bá sún wọn sí ibòmíràn, ibi tí wọn kò tíì fara kanra rí ni wọn yóò ti máa fagbára kanra wọn, ariwo á sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.

Nǹkan kejì tí a rí ni mo kà sí pàtàkì jù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ GL. Lórí áàsù, lókè, ihò ìmí kan wà tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà jáde. Ti ọkọ̀ yìí ti dí gbọin-gbọin, ẹrẹ̀ àti eruku oko ti yan mọ́ ọn. Bí áàsù bá gbóná tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò rí ọ̀nà, ọ̀nà ọ́ìsílì ni yóò wá. Ohun tó jẹ́ kí ọ́ìsílì àkọ́kọ́ jò nìyẹn, èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ náà sì ti ń làágùn. Wọ́n pààrọ̀ ọ́ìsílì, wọn kò wo ohun tó ń tì í. Bí ihò yẹn bá mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, ọkọ̀ yìí kì bá tí nílò ọ́ìlì tuntun lójú ọ̀nà, GL-4 kì bá sì ráyè wọlé. A tú u, a fọ̀ ọ́, a fẹ́ ẹ títí atẹ́gùn fi kọjá, a sì fi ọ́ìsílì mìíràn sí i.

Ọ̀rọ̀ wá ku ọ́ìlì tí a máa rọ sí i. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ wa, tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí kí n tó mọ sípánà dì mú, dúró tì wá, ó ní: "Àbúrò, da 140 sí i, jẹ́ kí ìyá yẹn sinmi. 140 la fi ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù Bedford nígbà tiwa." Mo bọ̀wọ̀ fún un, mi ò sì jiyàn pé ó dára fún Bedford. Títí di òní, ìwé àwọn tírélà àti típà kan ṣì ń béèrè 85W-140 níbi tí ooru bá ti pọ̀, ẹni tó bá sì rí i nínú ìwé ọkọ̀ rẹ̀, kó lò ó. Àmọ́ 140 tí a ń dà sínú áàsù kékeré nítorí kí ariwo lè rọlẹ̀, ariwo nìkan ló ń bò. Ọ́ìlì tó bá ki ju ohun tí áàsù fẹ́ lọ ń gba agbára ẹ́ńjìnì, ó ń gbóná, kì í sì í tètè dé ọ̀dọ̀ bẹ́árìn píníọ̀nù láàárọ̀. Ehín tó ń họ á máa họ lọ lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń wakọ̀ kò sì ní gbọ́ mọ́. Ohùn yẹn ló gbé dẹ́rẹ́bà wá bá wa. Mi ò fẹ́ pa á mọ́ ọn lẹ́nu. Mo tún bi Ẹ̀gbọ́n léèrè GL tó wà lára 140 tó ń sọ. Ó ní òun kì í wò ó. Mo fi gálọ̀nù omi rédíétọ̀ yẹn hàn án, ó wò ó títí, ó ní kí a wá GL-5.

Wíwá a kò rọrùn. Ibi àkọ́kọ́ tí a dé, ọ́ìlì pupa ti gíà ọ́tò, èyí tó ń pààrọ̀ fúnra rẹ̀, ni wọ́n gbé fún wa, torí ìyẹn náà ni ọ̀pọ̀ oníbàárà wọn ń pè ní ọ́ìlì gíà. Ó ṣàn bí omi. Bó bá wọ áàsù, kò sí ehín tí yóò ṣẹ́kù. Ibi kejì, 80W-90 ni lóòótọ́, mo yí i wò: GL-4. Ibi kan tún wà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n láti inú dúrọ́ọ̀mù sínú ike, wọ́n ní 90 ni. Kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ GL ọ́ìlì tí kò ní àkọlé lára. Àwọ̀ kò lè sọ ọ́ fún ọ, òórùn kò lè sọ ọ́. GL-4 náà ń rùn imí-ọjọ́. Mo ní kí a máa lọ. Níkẹyìn a rí GL-5, 80W-90, tí ìdè ọmọrí rẹ̀ kò tíì já. Tí o bá ń rán ọmọ lọ rà á, kọ ọ́ sórí ìwé fún un: áàsù ẹ̀yìn, GL-5, 90. Bó bá kàn ní ọ́ìlì gíà, ohun tó bá wà nítòsí ni wọn yóò gbé fún un.

Dẹ́rẹ́bà fẹ́ kí a da ìyókù GL-5 sínú gíàbọ́ọ̀sì, kó má baà ṣòfò. Mo ní kó dúró ná. Nínú gíàbọ́ọ̀sì ọwọ́, òrùka idẹ wà tó ń mú kí gíà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Imí-ọjọ́ tó pọ̀ nínú àwọn GL-5 kan máa ń jẹ idẹ bó bá gbóná, ọ́ìlì náà sì lè yọ̀ débi pé òrùka kò ní lè di gíà mú. Ìwé àwọn gíàbọ́ọ̀sì Toyota kan gba GL-4 àti GL-5 méjèèjì, ti àwọn ọkọ̀ mìíràn kò gbà á. Níbi tí ìwé bá ti dárúkọ GL-4 nìkan, 5 kò ju 4 lọ. Àwọn àgbà tó ṣiṣẹ́ lórí Peugeot 404 mọ irú ọ̀rọ̀ yìí, torí áàsù tirẹ̀ kì í ṣe hypoid. Wọ́ọ̀mù ni, tó ń yí kẹ̀kẹ́ bróńsì, ọ́ìlì tirẹ̀ sì yàtọ̀. Inú ohun tí o fẹ́ rọ ọ́ìlì sí ni kó o kọ́kọ́ mọ̀.

Kí a tó rọ ọ́, mo ní kí wọ́n gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì kúrò nílẹ̀, kí gíà wà nínú fírì, kí ọmọ iṣẹ́ fọwọ́ yí ọ̀kan. Èkejì yí lọ sí òdìkejì. Áàsù lásán ni nìyẹn. Bí méjèèjì bá jọ yí sí ọ̀nà kan náà, LSD ni, irú áàsù tí kì í jẹ́ kí táyà kan ṣoṣo máa yí lófo; ó ní àwọn àwo tó ń fà lórí ara wọn nínú, GL-5 tí wọ́n sì kọ LSD sí lára ni yóò gbà. Bí o bá fi èyí tí kò ní i sí i, ọkọ̀ á máa gbọ̀n, á máa ta kí-kí-kí bó bá ń ya kọ́nà tó há. Àwọn Hilux kan ní irú rẹ̀. Àwọn Hilux tuntun kan sì wà tí Toyota ní 75W-85 GL-5 ni kí a fi sí i. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ 90 nìkan kó ṣí ìwé wò. Ẹni tó ní Highlander tàbí Sienna tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà náà ní áàsù lẹ́yìn. Mo ti rí nínú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó ń wọ LAUTECH lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú nọ́ọ̀tì yẹn rí láti ìgbà tó ti dé láti òkè òkun.

Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú la ti rọ ọ́ìlì. Nǹkan bíi lítà méjì ló gbà, àmọ́ etí ihò ni èmi ń wò, kì í ṣe lítà: bó bá ti ń ṣàn jáde fúnra rẹ̀ létí ihò, ó ti tó, kí a jẹ́ kó kán tán kí a tó dé e. Èyí tó bá pọ̀ jù á tún wá ọ̀nà ọ́ìsílì. Ọmọ iṣẹ́ fi ọ̀dà funfun kọ GL-5 gàdàgbà sí ẹ̀yìn áàsù, kí ẹni tó bá tún máa dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, níbikíbi tó bá wà, rí i kó tó rán èèyàn níṣẹ́.

Mo sọ òótọ́ fún Màmá bí ó ṣe ní kí n sọ ọ́. Ọ́ìlì tó tọ́ kò lè dá irin tó ti họ padà. Ohun tó lè ṣe ni kó dá híhọ náà dúró, bí kò bá tíì jìn jù. Mo ní kí dẹ́rẹ́bà má kọjá 60 fún ìwọ̀nba ìrìn àkọ́kọ́, kó má kó àpò kan òrùlé, kó sì gbé e padà wá bó bá ti rin nǹkan bíi 1,000 kìlómítà, kí a da ọ́ìlì yẹn nù, kí a rọ òmíràn. Ó bi mí bóyá kì í ṣe ìnáwó lórí ìnáwó nìyẹn. Ìnáwó ni. Lítà méjì ọ́ìlì kò tó ìdá kékeré nínú owó áàsù tòkunbọ̀, GL-4 tó ṣẹ́kù sí àwọn kọ̀rọ̀ áàsù sì ní láti jáde.

Ó gbé e padà wá. Àtè tó wà lára òòfà fẹ́lẹ́, ó rọ̀, mo pa á títí láàárín ìka, kò sí ẹ̀rún. Ọ́ìsílì gbẹ. Ariwo ti dín kù, kò tán: bí ọkọ̀ bá wà lófìfo, èèyàn ní láti tẹ́tí kó tó gbọ́, bó bá kún tó ń gun òkè, ó ṣì ń kùn díẹ̀. Mi ò retí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ètò tí a jọ ṣe ni pé bí àsìkò kaṣú bá parí, Màmá á ra orí áàsù tòkunbọ̀ ní Àràròmí, n'Ìbàdàn. Odidi orí ni mo ní kó rà, kì í ṣe kiráùn lọ́tọ̀ àti píníọ̀nù lọ́tọ̀, torí ilé iṣẹ́ ti lọ àwọn méjèèjì pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ehín méjì tí kò mọra kò ní dákẹ́ láé. A ti ka ehín kiráùn àti ti píníọ̀nù tirẹ̀, a kọ ọ́ fún un, kí iye èyí tí wọ́n máa gbé wá bá tirẹ̀ mu. Kó tó dìgbà náà, dẹ́rẹ́bà ń yọjú sí abẹ́ ọkọ̀ láràárọ̀ kó tó lọ sóko, ó ń wo ọ́ìsílì àti ihò ìmí. Bí ariwo yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún nígbà tó bá gbé ẹsẹ̀ sókè pẹ̀lú, tàbí tó bá di rírọ́ kùùkùù, kó sọ ẹrù kalẹ̀, kó sì wakọ̀ náà wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìbáà jẹ́ àárín gbùngbùn àsìkò kaṣú.